Ìkìlọ̀: Táyà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ti wà lọ́jà ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, àti gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, Oǹdó tàbí Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó ra táyà tókúnbọ̀ mìíràn. Àwọn kan ń kó táyà tó ti pá jọ, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ilà tuntun sí i lára, wọ́n á kùn ún dúdú, wọ́n á sì tà á fún wa bí ẹni pé Jámánì ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo ra méjì lóṣù tó kọjá, 195/65 R15 fún Corolla mi, ₦22,000 ẹyọ kan. Ẹnu ọlọ́jà náà dùn: "Mọ̀mí, ọdún mẹ́ta lẹ máa fi lò ó." Kí n tó sanwó tán, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi táyà bọ rímù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì ń bọ̀ láti Iléṣà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìgbàrà-Òkè ni táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ́, ọkọ̀ sì ń fà wá lọ sínú igbó. Mi ò tẹ bíréèkì. Mo di sítíárìn mú gírígírí, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù títí ọkọ̀ fi rọra dúró. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà kò tíì fẹ́ wọ mọ́tò dòní.

Bàbá fọ́káńáísà tó bá wa tú u ló ní kí n fi ìka sínú ilà rẹ̀. Etí ilà náà rí jágajàga bí iṣu tí ọmọdé bẹ, wáyà sì ń dán nísàlẹ̀. Bàbá ní nínú ilà táyà gidi, kókó kéékèèké máa ń wà tó ga tó 1.6 mm; tí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀bẹ ti gé gbogbo kókó tèmi lọ. Ó yí ẹ̀yìn táyà síta, a sì rí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT, ìyẹn àmì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 0911. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é! Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni déètì yìí sábà máa ń wà, ìyẹn ni ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣe kọ ọ́ sínú.

Mo padà lọ bá ọlọ́jà. Ó ní ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi táyà bọ rímù kí ẹ tó ka déètì. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tútù nu ún: tó bá yọ dúdú gan-an, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kùn ún. Ẹ wo inú rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí, ẹ fi sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣeé lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó táyà àlòkù wọlé, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kó o wọlé, wọ́n sì máa ń há méjì mẹ́ta sínú ara wọn kí wọ́n lè kó o pọ̀, wáyà inú rẹ̀ sì lè ti ṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ti gééjì, ìyẹn wíwọn afẹ́fẹ́ inú táyà, àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ ṣe é. Iye tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, òpin agbára rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá ti ra tókúnbọ̀ láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú ilà rẹ̀ lálẹ́ òní, pàápàá ẹ̀yin tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọ̀la.