Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó fún ajẹ́ńtì tó ń ta TEFL pọ̀ mọ́ fíísà Ṣáínà tàbí Kòríà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ajẹ́ńtì kan wà lórí WhatsApp àti Facebook tí wọ́n ń ta sẹ̀tífíkéètì TEFL (ìwé ẹ̀rí kíkọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì), wọ́n á wá di iṣẹ́ àti fíísà mọ́ ọn: ẹ sanwó, ẹ ka kọ́ọ̀sì wákàtí 120 lórí fóònù, ẹ bọ́ sí Ṣáínà tàbí Gúúsù Kòríà. Kọ́ọ̀sì náà lè wà lóòótọ́. Inú fíísà tí wọ́n so mọ́ ọn ni irọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Kòríà. E-2 ni fíísà olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún: Amẹ́ríkà, Kánádà, Bìrìtéènì, Áyálándì, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ì báà ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi, ì báà ṣe pé ẹ ní máàsítà, páspọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá gbowó E-2 lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò ní páspọ́ọ̀tù míì, olè ni.

Ti Ṣáínà díjú díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí èèyàn tàn. Ìlànà wọn ni pé èdè abínibí olùkọ́ ni kó máa kọ́ni, kó ní dìgírì, kó sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 2, àyàfi tó bá ní dìgírì ẹ̀kọ́ olùkọ́ tàbí sẹ̀tífíkéètì kíkọ́ èdè tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà. Orílẹ̀-èdè méje yẹn náà ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì lè rí ọ̀nà gbà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn ajẹ́ńtì yìí ń tà nìyẹn.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: lẹ́tà wo ló máa wà lórí fíísà Ṣáínà náà? Z ni ti iṣẹ́. L jẹ́ ti ìgbafẹ́, M ti òwò, X ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi M tàbí L wọlé, pé wọ́n á "yí i padà" tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà yín á kọ́kọ́ gba ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ ní orúkọ yín lọ́dọ̀ ìjọba wọn, ìwé yẹn lẹ óò mú lọ gba Z, tí ẹ bá dé, ẹ ní ọjọ́ 30 láti béèrè ìwé ìgbélùú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìfọwọ́sí yẹn hàn yín, pẹ̀lú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní èdè Ṣáínà. Ajẹ́ńtì tí kò ní in á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Ní Ṣáínà, ẹni tí wọ́n bá mú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé á san owó ìtanràn yuan (owó Ṣáínà) 5,000 sí 20,000. Tó bá wúwo, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Èyí tó tún ń dùn wá jù ni pé ọ̀gá tó bá mọ̀ pé ẹ kò ní Z lè jẹ owó oṣù yín mọ́lẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn míì ń ta "kọ́ ọmọ Ṣáínà láti yàrá rẹ". Láti oṣù keje ọdún 2021 ni ìjọba Ṣáínà ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ má gba olùkọ́ tó wà lókè òkun láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sanwó ìforúkọsílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Nípa sẹ̀tífíkéètì fúnra rẹ̀: kò sí àjọ kan ṣoṣo lágbàáyé tó ń darí TEFL. Ẹnikẹ́ni lè ṣí wẹ́ẹ̀bù kan, kó pè é ní àjọ tó ń fòǹtẹ̀ lu kọ́ọ̀sì, kó sì lu tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lóǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ní "Level 5" (ìpele karùn-ún nínú ìwé ẹ̀rí) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ gba nọ́ńbà kọ́ọ̀sì náà, kí ẹ wá a nínú ìwé àkọsílẹ̀ Ofqual, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà UKPRN, tí wọ́n ń fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Bìrìtéènì, kò tó; ìforúkọsílẹ̀ lásán ni. Sẹ̀tífíkéètì olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ dunjú ni CELTA ti Cambridge àti CertTESOL ti Trinity. Nínú méjèèjì, ó kéré tán, wákàtí 6 lẹ óò fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi, tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ á jókòó máa wò yín. CELTA kì í gba ènìyàn láì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹni tó bá ní òun á fún yín ní CELTA lọ́sẹ̀ kan, láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ayédèrú ló fẹ́ tà.

Ẹ kíyè sí bí owó ṣe ń jáde. Owó kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni owó "àyẹ̀wò ara", owó "òǹtẹ̀ Àbújá", owó "ìwé ìpè", inú àkáǹtì ènìyàn kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìwé CAC (ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́) kì í ṣe àṣẹ láti kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun; ẹ béèrè láìsẹ́nsì tí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ fún wọn, kí ẹ sì lọ bi iléeṣẹ́ náà bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má dúró dọ̀la, kó fún wọn ní nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ náà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín rẹ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ síbì kan pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí EFCC. Tí páspọ́ọ̀tù tàbí ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ gbà á kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti fura.