Ata Black Pearl: Oòrùn Ló Ń Sọ Ọ́ Di Dúdú

Nínú gbogbo ata ọ̀ṣọ́, ìyẹn ata tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ nínú àpò kéékèèké, Black Pearl la ó kọ́kọ́ mú lé ẹni tí oòrùn ń pa ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní oòrùn, kó má wulẹ̀ náwó sí i. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti tàtàṣé (Capsicum annuum). Robert Griesbach àti John Stommel, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, Maryland, ló mú un jáde, ó sì gba All-America Selections, àmì ẹ̀yẹ fún irúgbìn tuntun tó ta yọ, ní 2006. Ẹ̀yẹ náà tọ́ sí i.

Àwọn tó bá rà á máa ń pariwo pé irúgbìn mìíràn ni wọ́n tà fún àwọn, nítorí pé aláwọ̀ ewé ló máa ń hù. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà nínú oòrùn ni ewé ń pọ́n bí àlùkò, tó sì ń dúdú lọ, títí tí yóò fi dúdú kirikiri. Oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, ló lè ṣe èyí. Tí ìkòkò bá wà lábẹ́ òjìji, ewé á dà bí ẹni tó fẹ́ dúdú tí kò lè dúdú. Nígbà tí ó bá dé ojú rẹ̀, kì í ga ju ìwọ̀n 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó máa ń pẹ̀ka fúnra rẹ̀, òdòdó rẹ̀ jẹ́ àlùkò, èso rẹ̀ á sì nàró lórí ẹ̀ka, roboto, dúdú, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Tó bá pọ́n, á di pupa. Dúdú àti pupa lórí igi kan náà lẹ́ẹ̀kan náà: ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà.

Ẹ ri irúgbìn sílẹ̀ ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré. Tí ilẹ̀ bá móoru tó ìwọ̀n 21 sí 29 Celsius, á hù láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ooru kọ́ ni ìṣòro, omi ni. Omi àpọ̀jù máa ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ ata tínrín níbi tó ti kan ilẹ̀, á wó lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì ní dìde mọ́. Ẹ gbé àwo tẹ́ ẹ gbin irúgbìn sí sínú omi kó fà á láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò bí ojú ilẹ̀ bá ti rin. Ní London, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, kó má sì jáde síta títí òtútù òru fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Bó bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ lọ́ ọ sínú ìkòkò tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ní ihò nídìí. Ilẹ̀dú ìlọ́po méjì, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà pátápátá ìlọ́po kan, yanrìn ìlọ́po kan: ó tó. Ẹ má kó àjílẹ̀ tútù sí i. Ewé á pọ̀ rẹpẹtẹ, èso á ṣọ̀wọ́n. Kẹ́ ẹ tó bomi rin ín, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Tó bá ṣì rin níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí òdòdó bá ń rẹ̀ dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo òru: ooru tó bá ju ìwọ̀n 24 lọ lóru kì í jẹ́ kó dúró. Òjìji díẹ̀ lọ́sàn-án gangan àti omi tó ń ṣe déédéé á dín in kù. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi ara ewé máa ń fara pamọ́ sí abẹ́ ewé; ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi tí kò le mọ́ lítà omi kan, kẹ́ ẹ fi fọ́n abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn.

Ní ti ọbẹ̀, ó ta gan-an, ṣùgbọ́n adùn kò sí nínú rẹ̀, hóró ló kún inú rẹ̀. Rodo ni kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀ yín. Èyí tẹ́ ẹ bá rà ní ìkòkò tó ti so tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́ rárá, torí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí òdòdó lè wà lára rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń já a, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ẹni tí oòrùn rẹ̀ kò tó láti sọ ewé di dúdú, kó wo NuMex Twilight, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New Mexico mú jáde. Aláwọ̀ ewé ni ewé tirẹ̀, torí náà kò sí dúdú tí òjìji máa bà jẹ́. Èso rẹ̀ ló ń pa àwọ̀ dà, láti àlùkò sí yẹ́lò, sí àwọ̀ ọsàn, sí pupa. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá kéré jù, èso òun náà á dín kù.