Ọ̀nà Àkúrẹ́ Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Ká Yà Sí Ilé-Ifẹ̀ Ni Tàbí Òṣogbo?

Bí ẹ bá ń kó ọmọ láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́, Ilé-Ifẹ̀ wà lójú ọ̀nà gan-an. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òpó òkúta tó wà níbẹ̀, ga ju mítà 5 lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìṣó irin tó wà lára òkúta náà. Ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Òṣogbo gba kí ẹ yà kúrò lọ́nà, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo fara mọ́. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, tutù minimini. Ọ̀bọ ń fò lórí igi, àwọn ère ràgàjì tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn ọmọ ìlú mọ sì wà káàkiri. Ẹ ṣáà di àwọn kéékèèké lọ́wọ́ mú létí odò.