Ṣíṣe RA (olùrànlọ́wọ́ ìwádìí) lọ́fẹ̀ẹ́ ní láàbù sàíkọ́lọ́jì: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì sọ ibi tí ìkarùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ka sàíkọ́lọ́jì níbí ní Maryland ló ń bi mí bóyá ó yẹ káwọn lọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní láàbù, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe PhD láìní ìrírí ìwádìí kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Àwọn òbí náà ń béèrè. Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Èló ni wọ́n máa san?" Mo ní, "Wọn ò ní sanwó, Mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Láàbù méjì ni mo ti wọ̀ ní yunifásítì kan náà, wọn ò sì jọra rárá. Ní ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa tẹ nọ́ńbà láti orí bébà sínú Excel. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ náà parí láìsí ẹni tó sọ ìbéèrè tí ìwádìí ọ̀hún fẹ́ dáhùn fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù, a kàn máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá fún un. Bí ẹ bá bá ara yín nírú ibẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì wá ibòmíràn lọ.

Láàbù kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n ń wádìí níbẹ̀ ni bí ọpọlọ ṣe ń gbájú mọ́ nǹkan kan tó sì ń gbójú fo òmíràn. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olùkópa ń ṣe ni ìdánwò tí John Ridley Stroop gbé jáde ní 1935: wọ́n á kọ "red" ní àwọ̀ búlúù, àwọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ lo máa sọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ. Ẹ dán an wò, ẹ ó rí i bí ẹnu ṣe máa ń kọsẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí a ṣe ń ṣe ìwádìí láì ṣe ènìyàn níbi. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ kọjá kíákíá kó lè tán. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìwádìí Tuskegee wà nínú rẹ̀. Ní Alabama, láti 1932 títí di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bí 600 jọ, wọ́n ń wo bí sífílísì ṣe ń ba 399 nínú wọn jẹ́. Wọn ò sọ òótọ́ àìsàn náà fún wọn. Nígbà tí penicillin sì ti di oògùn tí gbogbo dókítà fi ń wo àrùn náà, wọn ò fún wọn. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ló bí òfin 1974 tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí, àti ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Belmont Report ti 1979, òun náà ló sì wà nídìí fọ́ọ̀mù tí gbogbo olùkópa ń fọwọ́ sí lónìí. Tí mo bá ń ka fọ́ọ̀mù yẹn fún ènìyàn, tí mo dé ibi tó ti sọ pé wọ́n lè dìde kí wọ́n máa lọ nígbàkúùgbà láìsí ìyà, mo máa ń rọra kà á, màá sì dúró kí n rí i pé ó yé wọn.

Fìlà EEG (ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ) wá ni baba iṣẹ́ níbẹ̀. Fìlà aláṣọ ni, ó ní ihò 32, electrode kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó rí bíi bọ́tìnnì kékeré, òun ló ń gba iná tí ọpọlọ ń mú jáde. Ẹ ó fi téèpù wọn orí láti gẹ́rẹ́ òkè imú dé egungun tó yọ ní ìpàkọ́, ẹ ó tún wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé ní àtàrí ni electrode tí wọ́n ń pè ní Cz gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ó wá kan síríǹjì tí ẹnu rẹ̀ kò mú, tí jẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀. Ẹ ó kì í bọ ihò, ẹ ó fi ya irun sọ́tọ̀, ẹ ó fi ha awọ orí jẹ́jẹ́, ẹ ó wá fún jẹ́ẹ̀lì sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì ihò náà á kúrò ní pupa, á di yẹ́lò, á wá di àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kọ̀ tí kò di àwọ̀ ewé, ẹ ó padà sí i. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé tán, olùkópa á pajú báyìí, ìlà á fò sókè lójú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, orí mi wú. Tí ẹ bá parí, fífọ fìlà ló kù: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọṣẹ ọmọdé, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ihò kan tẹ̀lé òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an rèé. Orí irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe fìlà yẹn. Irun tiwa ń tì í sókè ni, electrode kì í dé awọ orí. Tí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú bá wọlé pẹ̀lú irun tó ti fi àtọwọ́dá dì, wọ́n á fún un ní kírẹ́díìtì kọ́ọ̀sì tó tọ́ sí i, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Wọn ò bú u, wọn ò fojú di í, àmọ́ òun ò sí nínú èsì ìwádìí. Èyí dùn mí gan-an. Mo wá kà nípa Arnelle Etienne, akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon ní Pittsburgh, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe electrode tuntun tí wọ́n pè ní Sevo, èyí tó ń há sáàárín irun dídì. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2020. Mo gbé e lọ sí ìpàdé láàbù, mo ní tí a ò bá tiẹ̀ lówó electrode tuntun, ṣebí a lè di irun. Ìgbìmọ̀ IRB, àwọn tó ń rí sí i pé ìwádìí kò ṣe ènìyàn níbi, ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, torí ọwọ́ wa máa pẹ́ lórí ènìyàn ju bí a ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Olùkópa àkọ́kọ́ tó gbà tú irun rẹ̀ wá látilé. Mo fi òòyà la irun náà ní ìlà-ìlà, bí ihò fìlà ṣe tò láti iwájú dé ìpàkọ́, mo sì di kòlẹ́sẹ̀ fún un. Ojú ìlà hàn fòò. A gbé fìlà lé e, mo fún jẹ́ẹ̀lì sí i, àmì pupa ń di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá dúró tì mí, wọ́n ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Ìwé ìlànà láàbù wa ti ní ojú ewé kan nípa irun wa báyìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ irun lásán ni. Ní 1992, ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí ń lọ láti agboolé dé agboolé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n ń bi àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní ìbéèrè láti mọ bí ìrántí wọn ṣe rí. Èsì tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2001 ni pé nínú 100 àgbàlagbà, 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ká ní wọn ò kan ilẹ̀kùn àwọn ìyá àti bàbá wọ̀nyẹn ni, ta ni ìbá mọ̀?

Owó ló gba ìràwọ̀ tó kù. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, èmi sì ń ṣe CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ní òpin ọ̀sẹ̀ kí n lè san owó ilé. Tí ẹ bá ní kí wọ́n fi kírẹ́díìtì kọ́ọ̀sì san án fún yín, ẹ wò ó dáadáa, torí ní ilé ìwé tiwa, ẹ̀yin lẹ máa san owó kírẹ́díìtì náà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń bọ́ á ráyè, ọmọ tó ń bọ́ ara rẹ̀ á máa tòògbé nídìí kọ̀ǹpútà. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, kó wá ètò ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní REU, ti NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí sáyẹ́ǹsì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sanwó níbẹ̀. Ẹni tó ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ kankan.

Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ má kọ ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ka ìwádìí ẹnì kan, ẹ sọ ibi tó wọ̀ yín lọ́kàn nínú rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè bóyá àwọn RA máa ń jókòó sí ìpàdé láàbù, àti bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà tí ẹ máa fi wá PhD fún yín nígbà tó bá yá. Láàbù tí kò bá lè dáhùn méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀.