Òrí ọjà Kútọ̀ fún itan tó le gbagidi
Ó pẹ́ tí mo ti gun Àpáta Olúmọ gbẹ̀yìn kí n tó tún gùn ún láìpẹ́ yìí. Sísọ̀kalẹ̀ ló dá itan mi lóró jù, torí pé iṣan ń nà bó ṣe ń gbé ara ró. Òrí tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan ní ọjà Kútọ̀ ni mo fi ń wọ́ ọ lálaalẹ́. Ó mọ́, kò ní iyanrìn, ó sì tètè yọ́ lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ni! Ọkọ mi ní kí n lọ sùn ní pálọ̀.

Ká sọ òótọ́, ọwọ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ju òrí fúnra rẹ̀ lọ. Ìrora yìí sábà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn tí èèyàn bá ti lo iṣan náà. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ sì ràn mí lọ́wọ́ ju ìjókòó lọ. Bí ìtọ̀ bá dúdú pẹ̀lú irú ìrora yìí, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Màá tún rà á. Ti inú ike ni kẹ́ ẹ béèrè. Ti inú ọ̀rá máa ń yọ́ sínú báàgì.