Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ìgò tí wọ́n ń polówó ní Old Garage, Òṣogbo: kí lẹ̀ ń rà gan-an?

Ẹni tó ń polówó ìgò yìí kì í kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Àdúrà ló fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin èrò Ìbàdàn, a ó lọ ire, a ó bọ̀ ire." Gbogbo ọkọ̀ á ní àmín. Ìbéèrè ló máa tẹ̀ lé e. Ta ni ẹ̀yìn ń ro tó bá jí? Ta ni inú rẹ̀ ń kùn? Ta ni oorun máa ń kùn tó bá jẹun ọ̀sán tán? Kò sẹ́ni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí ọ̀kan nínú ẹ̀ kò ní bá mu. Jẹ̀díjẹ̀dí ló pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kó tó fa ìgò yọ, ó ti gbé àìsàn tí èrò ò bá wọnú ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́.

A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ìgò mìíràn. Àsúnwọ̀n (ewé tó ń múni yàgbẹ́), ata ilẹ̀ àti ààyù ni wọ́n kọ pé ó wà nínú ẹ̀, àsúnwọ̀n sì lọ̀gá. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́gán téèyàn bá gbé e mì. Ó dìgbà tó bá dé ìfun ńlá, tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ibẹ̀ bá tú u, kó tó mú kí ìfun máa fún, kí omi sì máa wọ inú ẹ̀. Wákàtí 6 sí 12 ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí olùpolówó fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé: "Ẹ mu ún lálẹ́, tó bá di àárọ̀ tẹ́ ò rí ìdọ̀tí ara yín, ẹ wá gbowó yín." Ohun tó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣèlérí. Bó bá ti ṣẹ báyìí, ó di ẹ̀rí fún gbogbo ohun tójú ò rí: pé ẹ̀jẹ̀ ti mọ́, pé ìtọ̀ súgà ti lọ, pé okun ọkùnrin ti padà. Ìgbẹ́ olómi yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tó sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ àná ni, àti omi ara ẹni.

Ẹni tí ìgbẹ́ gbẹ mọ́ nídìí yóò rí ìrọ̀rùn nínú ẹ̀, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìlànà lílò rẹ̀ ló burú. "Ife kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ara yóò fi yá." Ife ta ni? Ṣíbí tíì ń gba mílílítà 5, ṣíbí ìjẹun ń gba 15. Ife tí wọ́n fi ń bu àgbo nídìí páànù ju méjèèjì lọ dáadáa. Ẹni kan á mu ún tí kò ní ṣe nǹkan, ẹnìkejì á fi ilé ìyàgbẹ́ ṣe yàrá. "Títí ara yóò fi yá" ló tún léwu jù, nítorí kò yẹ kéèyàn lo àsúnwọ̀n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Bó bá pẹ́, èròjà potassium tí iṣan àti ọkàn ń lò á máa bá ìgbẹ́ lọ: ẹsẹ̀ á rọ, iṣan á máa fà, àyà á máa lù ségesège. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ni tọ̀ ló wà nínú ewu jù, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà lè máa kó potassium lọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí nínú ọkọ̀ ni pé ewé lásán ni, kò lè pani lára. Kí aláboyún má tọ́ ọ wò.

Wọ́n á tún gbé nọ́ńbà NAFDAC sókè. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà. Lẹ́tà L túmọ̀ sí pé wọ́n kàn forúkọ àgbo náà sínú ìwé ni. Ọdún 2 ni ìforúkọsílẹ̀ yẹn ń lò. Ẹ wá gbólóhùn kékeré kan tí wọ́n fi èdè Òyìnbó kọ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí ìlérí iwájú jẹ́ Yorùbá gàdàgbà: ó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ àwọn ohun tí wọ́n ní oògùn yìí ń ṣe wò. Òfin oúnjẹ àti oògùn Nàìjíríà pàápàá kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa polówó oògùn fáráàlú pé ó ń wo ìtọ̀ súgà tàbí jẹjẹrẹ.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà ń ran ìgò yìí lọ́wọ́. A ó sọ fún ìyá àgbà pé "BP yín ga, ẹ máa lo èyí lọ́kọ̀ọ̀kan", ó parí. Bó bá padà wá tí nọ́ńbà ti wálẹ̀, ó gbà pé òun ti bọ́, á sì fi oògùn sílẹ̀, kó wá yà sídìí àgbo. Ó yẹ ká ti sọ pé: "Mà, oògùn yìí ń di ẹ̀jẹ̀ ríru mú ni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á tún gòkè, ẹ sì lè má mọ̀ ọ́n lára." Ká wá ní kí ìyá fẹnu ara wọn tún un sọ fún wa.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí tó jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nídìí, fífi agbára yàgbẹ́, ìgbẹ́ gbígbẹ, oyún àti ìjókòó pípẹ́ ló sábà ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe ṣúgà. Ẹ máa mu omi, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa, ẹ má jókòó pẹ́ lórí ṣáláńgá.

Máàkì tiwa fún ìgò yìí: 1 nínú 5, fún ìgbẹ́ gbígbẹ ọjọ́ díẹ̀ nìkan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, tàbí tẹ́ ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ má ra ìgò kankan. Ẹ gba ilé ìwòsàn Asubiaro tàbí ti UNIOSUN lọ, kí wọ́n yẹ ìdí yín wò, torí jẹjẹrẹ ìfun náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.