Bátìrì ọlọ́mi, jẹ́ẹ̀lì àbí lithium: èwo ló yẹ bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ máa sùn sí l'Àgbádárìgì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, tẹ́ ẹ ń tú àga ẹ̀yìn kúrò, tẹ́ ẹ ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí i kẹ́ ẹ lè máa gbé ẹbí lọ sùn sétí òkun, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sí bátìrì. Gbogbo ẹni tó bá pè mí ló ń bi mí pé bátìrì wo ló dáa jù, èmi náà á bi wọ́n pé iná mélòó ni ọkọ̀ yín ń jẹ tó bá kàn wà nílẹ̀ láìṣe nǹkankan? Wọn kì í mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ni mo ní, òun ló ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń gbé fáànù àti iná alẹ́. A gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi àgbọn lọ́jọ́ Fraidé, nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sọ́ńdè tí mo yí kọ́kọ́rọ́, tí-tí-tí ló ń ṣe. Àwọn apẹja mẹ́fà ló bá wa ti bọ́ọ̀sì kúrò lórí iyanrìn dé ojú títì, kí dẹ́rẹ́bà kan tó fi wáyà ti tiẹ̀ ta á jí. Àwọn ọmọ ń sunkún nínú ooru.

Réwáyà tó bá mi yẹ ọkọ̀ wò kò tiẹ̀ dárúkọ bátìrì tuntun. Ó pa gbogbo nǹkan tó rí, ó tú wáyà nẹ́gátíìfù, ó gbé mítà sáàárín wáyà yẹn àti orí bátìrì (ẹ má sítáàtì ọkọ̀ tí mítà bá wà níbẹ̀ o, fíùsì inú mítà á jó). Mítà kà 0.9 áńpù, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣàn jáde tó. Ó wá ń fa fíùsì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ti rédíò, mítà ò mira, ó yọ ti tìráká, ó wá sílẹ̀ díẹ̀, ó yọ ti ínfátà, ó já wálẹ̀ pátápátá sí 0.04. Ínfátà tá ò so nǹkankan mọ́! A kàn gbàgbé láti pa á ni. 0.9 yẹn fún wákàtí 24 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22Ah lóòjọ́ (Ah ni áńpù tẹ́ ẹ fi iye wákàtí sọ di púpọ̀), ìyẹn ni pé láàárín ọjọ́ méjì àtàbọ̀, ó ti jẹ ìdajì bátìrì 100Ah láìtan gílóòbù kan. Ọkọ̀ tára ẹ̀ le kò yẹ kó kọjá 0.05, àmọ́ ìyẹn gan-an, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún oṣù kan, 36Ah ló máa bá a lọ. Ẹ fi swíìṣì kan sí i tẹ́ ẹ lè fi gé bátìrì kúrò pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò: ẹ fi 12 fóltì pín wáàtì kẹ́ ẹ lè rí áńpù, ẹ wá fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Fìríìjì kékeré oní 12 fóltì tó ń jẹ 45 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ tó sinmi ìdajì, 45Ah. Fáànù 20 wáàtì látalẹ́ dàárọ̀, bíi 13Ah. Gílóòbù mẹ́rin àti fóònù, ẹ pè é ní 12. Gbogbo ẹ̀ 70Ah lóòjọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Bátìrì ọlọ́mi 100Ah, ìdajì ló dáa kẹ́ ẹ máa lò nínú ẹ̀, 50Ah, nítorí náà ọ̀kan ò lè gbé yín di ọjọ́ kejì. Owó ẹ̀ kéré, kò sí réwáyà tí ò mọ̀ ọ́n, kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbalata lẹ máa rẹ́ni tó máa bá yín tún un ṣe. Àmọ́ ó wúwo, ọ̀kan lè tó 30 kílò, omi distilled lẹ gbọ́dọ̀ máa bù sí i, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, tó bá sì ń gba ṣáàjì ó ń tú gáàsì tó lè gbaná, kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín láìsí ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Ohun tó ń pa á jù ni kó máa wà láìkún. Nǹkan funfun kan á le mọ́ irin òjé inú ẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Tó bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.7 fóltì ló kún, 12.2 ló ti dé ìdajì.

Jẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ omi, kì í dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì náà lẹ máa lò, kò sì fẹ́ kí ṣájà kọjá nǹkan bíi 14.2 fóltì, ó máa ń sè é ni. Ooru ń gé ẹ̀mí òun àti ọlọ́mi kúrú, inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n tì pa lóòrùn ọ̀sán kò dáa fún wọn. Èmi ò ní rà á fún ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí.

Lithium ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára ni mò ń sọ, ẹ lè lo 80 sí 90Ah nínú 100, kò wúwo tó ìdajì ọlọ́mi, ìgbà tẹ́ ẹ lè lò ó kẹ́ ẹ tún ṣáàjì ẹ̀ lè lé ní 2,000 nígbà tí ọlọ́mi ń sọ ti ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Owó ẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Mítà fóltì ò sì lè sọ bó ṣe kù fún yín, torí bíi 13.2 ló máa dúró sí fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á kàn gé pà, ẹ ra mọ́nítọ̀ tó ń ka áńpù tó wọlé àti èyí tó jáde. Tí ọkọ̀ bá máa pẹ́ nílẹ̀, ọlọ́mi gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu, lithium ní tiẹ̀, ìdajì ló fẹ́. Ọlọ́mi ò fẹ́ ebi, lithium ò fẹ́ àjẹkì nígbà tí kò níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ṣáàjì wá ńkọ́? Alternator ọkọ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi pèsè iná, máa ń bá ọlọ́mi ṣe láìsí wàhálà, rìléè tó ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ti tó. Lithium máa ń fa iná lójijì, ó lè mú alternator gbóná jó, ẹ fi ṣájà DC-DC, tó ń fún bátìrì níná níwọ̀nba, sáàárín wọn, oní 30 áńpù á fún yín ní bíi 30Ah ní wákàtí kan lórí títì Badagry Expressway. Kẹ́ ẹ dúró síbì kan kẹ́ ẹ máa tan ẹ́ńjìnnì torí bátìrì, epo lẹ̀ ń jó dànù. Jẹ́n kékeré, ihò 12 fóltì ara ẹ̀ kì í ju bíi áńpù 8 lọ, ṣájà oní 220 fóltì ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́, èéfín yẹn ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Sólà 200 wáàtì tó bá dùbúlẹ̀ lórí ọkọ̀, lọ́jọ́ tóòrùn bá mú, bíi 45Ah, nínú òjò oṣù keje ó lè má tó ìdajì ìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́, tó jẹ́ alẹ́ kan ló ń sùn síbì kan, kó ra ọlọ́mi méjì, owó ẹ̀ ò ní ṣòfò. Ẹni tó fẹ́ dúró ọjọ́ mẹ́ta sétí òkun, 210Ah ló máa lò, sólà á dá 135 padà, ó ku 75, lithium 100Ah kan á gbé e. Ọlọ́mi méjì náà lè gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ wọn ò ní kún látọjọ́ kìíní dé ìkẹta, ibẹ̀ ni ikú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, 200Ah ni kẹ́ ẹ rà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí bátìrì tó ń sítáàtì ọkọ̀ dá wà lọ́tọ̀.

Ẹ má sì gba ohun tí wọ́n kọ sára lithium gbọ́ lásán. Ẹ ṣáàjì ẹ̀ kó kún, ẹ so gílóòbù iwájú mọ́tò oní 60 wáàtì mọ́ ọn, ẹ wo aago. 100Ah tòótọ́ yẹ kó sún mọ́ wákàtí 20. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kú ní wákàtí 11, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbowó mi.